Ṣé mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí Ọlọ́run là sílẹ̀ fún mi?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 34. Ní 2021, wòlíì kan nawọ́ sí mi láàrin ìsìn, ó ní òkè òkun ni ògo mi wà, pé kò ní ju ọdún méjì lọ tí n ó fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti kúrò nílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba jáde, n kò gba fọ́ọ̀mù. Orí fóòmù ni mo ń sùn, n kò ra bẹ́ẹ̀dì, n kò ra sítóòfù gáàsì, torí mo ní mo ń lọ. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè ní Ìlú Ọba, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, apá ìwé kíkọ ló ń gbé mi ṣubú. Àbúrò mi obìnrin, tí ẹnikẹ́ni kò sọ tẹ́lẹ̀ fún, ti wà ní Manchester báyìí. Mo máa ń gbàdúrà pé "ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ", ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Ṣé mo ti ṣẹ Ọlọ́run ni, tó fi gba ètò rẹ̀ lọ́wọ́ mi? Báwo ni n ó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e padà? Wòlíì náà ní kí n mú irúgbìn ₦150,000 wá kí ọ̀nà lè là. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí èyí tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú pé o kò tíì dé Ìlú Ọba. Ọlọ́run kì í ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń ti fáìlì pa bí èèyàn bá pẹ́ dé.

Àmọ́ n kò ní tàn ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí o kọ, ohun méjì ti lọ́ mọ́ ara wọn: ohun tí Ọlọ́run sọ, àti ohun tí ẹnì kan sọ pé Ọlọ́run sọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí o ní ó ti já mọ́ ọ lọ́wọ́ yìí, ó jọ pé orí ọdún méjì yẹn ni o gbé e kà. Ọdún méjì ti kọjá, kò sì sí ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé náà máa dúró sí mọ́.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi Bíbélì ti irú ìsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, mo mọ ẹsẹ tó máa kà. Jeremáyà 29:11 ni. Ó wà lára káléńdà, ó wà lẹ́yìn mọ́tò akérò, ó wà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp: "Nítorí èmi mọ èrò tí mo rò sí yín, ni Olúwa wí, àní èrò àlàáfíà, kì í sì í ṣe fún ibi, láti fún yín ní ìgbà ìkẹyìn àti ìrètí." Ẹsẹ náà dùn. Inú lẹ́tà ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn tó sì ń ka lẹ́tà ọ̀hún láti òkè délẹ̀ kò pọ̀.

Ní ọdún 597 kí a tó bí Olúwa wa, Nebukadnésárì kó Jekonáyà ọba Júdà lọ sí Bábílónì, pẹ̀lú ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti alágbẹ̀dẹ. Kò pẹ́ tí wòlíì kan fi dìde nínú tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù, Hananáyà ọmọ Ásúrì, ará Gíbéónì. Lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó ní Olúwa ti ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì, pé kí ọdún méjì tó pé, àwọn tí wọ́n kó lọ yóò padà, ohun èlò tẹ́ńpìlì yóò padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún méjì ni òun náà dá. Ó gba àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí àmì pé wọ́n máa sin ọba Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ níṣojú gbogbo wọn. Ká ní àwa náà wà níbẹ̀ ni, àá ti bọ́ sílẹ̀ jó. Jeremáyà fúnra rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ dáhùn pé, "Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ Olúwa tọ̀ ọ́ wá pé Olúwa kò rán Hananáyà níṣẹ́. Hananáyà kú ní oṣù keje ọdún kan náà.

Lẹ́tà Jeremáyà la kà lẹ́yìn èyí. Élásà ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hilkáyà ló mú un lọ sí Bábílónì. Wo ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó kan ẹsẹ kọkànlá: ẹ kọ́ ilé kí ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà kí ẹ máa jẹ èso rẹ̀, ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ, ẹ fi ọmọ fọ́kọ, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo jẹ́ kí wọ́n kó yín lọ, kí ẹ sì gbàdúrà fún un, ẹ má jẹ́ kí àwọn wòlíì àti aláfọ̀ṣẹ àárín yín tàn yín jẹ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ iye ọdún tó máa gbà: àádọ́rin.

Ẹni tó ti pé ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn mọ̀ pé òun kò lè fojú kan Jerúsálẹ́mù mọ́ láéláé. Síbẹ̀ òun náà wà lára àwọn tí Ọlọ́run ń bá wí nígbà tó ní èrò àlàáfíà ni òun rò sí wọn. Ibo wá ni àlàáfíà tirẹ̀ wà? Nínú ilé tó máa kọ́ sí Bábílónì ni, nínú ẹ̀fọ́ tó máa ká lẹ́yìnkùlé, àti nínú àdúrà tó máa gbà fún ìlú àwọn tó kó o lẹ́rú. Ìyẹn le, mo gbà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Ìwọ wá wo yàrá tí ò ń sùn. Ilẹ̀ lo tẹ́ fóòmù sí bí ẹni tó dé ilé ìtura fún alẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù, tó bá dé láti iṣẹ́ alẹ́ kò ní ibi tó lè ti fi omi kaná fún ara rẹ̀. Ìwọ̀nba ọdún yìí ni o ti ń gbé bí ẹni tí kò gbé níbì kankan, o sì pe èyí ní ìgbàgbọ́. Ẹni tó kọ Jeremáyà 29 kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé Ọlọ́run kì í fi nǹkan han èèyàn mọ́. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì ti rí ìran tó ṣẹ tí kò ku ẹyọ kan. Pọ́ọ̀lù ní ká má kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e gan-an ni pé ká dán ohun gbogbo wò, ká di èyí tó dára mú ṣinṣin. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń kà létí wa, wọ́n á gbójú fo èkejì. Wo Ágábù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wòlíì tòótọ́. Ní orí 11 ó sọ pé ìyàn ńlá ń bọ̀, ó sì mú nígbà Kíláúdíù, ọba Róòmù. Àwọn ọmọlẹ́yìn kò jókòó máa dúró de ìyàn, ńṣe ni wọ́n dá owó jọ fún àwọn ará ní Jùdíà. Ní orí 21, ó bọ́ àmùrè Pọ́ọ̀lù, ó fi de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní báyìí ni wọ́n máa de ẹni tó ni ín ní Jerúsálẹ́mù. Gbogbo ilé bú sẹ́kún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Pọ́ọ̀lù gbọ́ ìsọtẹ́lẹ̀ kan náà tí wọ́n gbọ́, ó sì gbéra, ó lọ. Ìsọtẹ́lẹ̀ tòótọ́ pàápàá kò gba ìrònú kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. A kò sì kà á níbì kankan pé Ágábù ní kí wọ́n mú nǹkan wá kó lè ṣẹ.

Ohun kan wà nísàlẹ̀ ìbéèrè rẹ tí mo fẹ́ fà yọ, torí pé Yorùbá ni wá. Àwọn baba wa ní àkúnlẹ̀yàn là ń bá láyé; a kúnlẹ̀ a yàn án, a délé ayé tán ojú ń kán wa. O mọ ìtàn Orísẹ̀kú, Orílèémèrè àti Àfùwàpẹ́ tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé orí tí kò jiná, òjò pa á lójú ọ̀nà, ó sì tán síbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé tó ṣe é tún ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ìtàn yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a rì í bọmi, a sọ ọ́ ní "ètò Ọlọ́run". A wá rò pé ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wà tí orúkọ wa wà lára rẹ̀, ìlú kan, ọkọ kan, ọdún kan, pé bí èèyàn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀run. Nígbà tí o béèrè bóyá Ọlọ́run ti gba ètò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, ilé Àjàlá ni ìbẹ̀rù yẹn ti tẹ̀ lé ọ wá. Kò jọ ti Baba Olúwa wa Jésù. Jónà gba ọ̀nà Táṣíṣì nígbà tí wọ́n rán an sí Nínéfè, ọ̀rọ̀ Olúwa sì tọ̀ ọ́ wá nígbà kejì. Pétérù sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú iná ẹ̀yín, òun náà ni wọ́n ní kó máa bọ́ àgùntàn.

Mósè sọ ọ́ nínú Diutarónómì 29:29 pé ohun ìkọ̀kọ̀ ti Olúwa Ọlọ́run wa ni, èyí tí a fi hàn ni tiwa àti ti àwọn ọmọ wa. Kí ni wọ́n fi hàn? Ìwà mímọ́, ìdúpẹ́, òtítọ́, àánú, kí o má fi ẹni tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú. Orúkọ ìlú tí o máa gbé ní 2030 kò sí níbẹ̀. Wíwá tí a ń wá èyí tó jẹ́ ìkọ̀kọ̀ lójú méjèèjì kì í sì í jẹ́ ká ráyè fún èyí tó hàn.

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló bá ń dùn ọ́ ní pàtó, Pọ́ọ̀lù ni kí o tọ̀ lọ, torí ó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ wàásù ní Éṣíà, Ẹ̀mí kò gbà. Ó dorí kọ Bítíníà, wọn kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Róòmù, ó ti fẹ́ lọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé ìgbà púpọ̀ ni òun ti múra àtilọ tí nǹkan ń dá òun dúró. Kò kó ẹrù sílé máa wo òkè. Bí wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, lẹ́tà yẹn la sì ń kà dòní. Nígbà tó wá débẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ni, pẹ̀lú ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ọ. Ó sì tún ní òun fẹ́ kọjá sí Spéènì. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé ó débẹ̀. Èrò àpọ́sítélì ni èyí o, kì í ṣe ti ẹni tí kò gbàdúrà.

Ní ti "ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ" tí o ní ẹnu lásán ni, mo mọ ibi tó ti ń dí ọ. O ń fo apá àkọ́kọ́. Nínú ọgbà Getsémánì, Jésù kò bẹ̀rẹ̀ látorí "ìfẹ́ tìrẹ". Ohun tí òun fẹ́ ló kọ́kọ́ sọ, láìfi bò: bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago yìí kọjá lórí mi. Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, Lúùkù sì ní òógùn rẹ̀ dà bí ìró ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti sọ èyí tán ni ìyókù tó ní ìwúwo. Ìwọ máa ń sáré dé ìparí àdúrà torí wọ́n ti kọ́ ọ pé bí Kírísítẹ́nì tó dàgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní alẹ́ yìí, sọ fún Ọlọ́run pé o fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba. Sọ fún un pé inú rẹ kò dùn nígbà tí àbúrò rẹ fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́, tàbí ohunkóhun tó fi ránṣẹ́. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orin Dáfídì 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?", ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó kọrin. Orin 88 kò tilẹ̀ kọrin rárá. Inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń ráhùn sí Ọlọ́run létí kò tíì fi í sílẹ̀.

Bíbélì tí mo ń kà wọ̀nyí fún ọ, wo ọwọ́ tó ti wá. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣoògùn, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí kò tíì ju bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ, Àjàyí. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹni tó gba ẹṣin náà ní kò wu òun, ó dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà bí ọjà. Bí wọ́n ti ń tà á káàkiri tó wá ń bẹ̀rù pé òun máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí létí òkun, ó ń gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, pé àyà òun kò gbé e láti fà á le. Kò sí wòlíì tó yà síbẹ̀ láti sọ fún un pé bíṣọ́ọ̀bù ni. Ní oṣù kẹrin 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní Freetown. Ìwọ náà mọ ìyókù: Samuel Ajayi Crowther, àlùfáà ní 1843, bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù máa ń dá ìtàn yìí dúró sí. Èmi kò ní dá a dúró síbẹ̀. Ní òpin ayé rẹ̀, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí kò dàgbà tó ọmọ rẹ̀ dé sí Odò Ọya, wọ́n tú iṣẹ́ tó fi ọdún púpọ̀ gbé ró palẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ ìkẹyìn ọdún 1891 nínú ìbànújẹ́ yẹn. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ti jáde ní 1884, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un lórí ibùsùn ikú pé wọ́n ṣì máa kà á fún nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn. Báwo ni a ṣe fẹ́ ka irú ayé bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé òwò ẹrú dára. Jósẹ́fù kò sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé wọn kò ṣe ibi. Ó ní wọ́n rò ibi sí òun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rò ó sí rere. Ibi náà jẹ́ ibi títí dòní. Ọwọ́ Ọlọ́run kàn gùn ju tiwọn lọ ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn tí o bá ti kú ni a tó máa rí ibi tó na ọwọ́ náà dé.

Nítorí náà n kò lè ṣèlérí fún ọ pé o máa lọ. O lè lọ, o lè má lọ. Àwọn tí Hébérù 11 dárúkọ, ó ní gbogbo wọn ló gba ẹ̀rí rere nípa ìgbàgbọ́, wọn kò sì rí ìlérí náà gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni kí o mọ̀ dájú pé ohun tí o ń fẹ́ máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, Hananáyà tuntun ni.

Ó yá, ká bọ́ sórí ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ìwé kíkọ lo ti ń ṣubú. Àwọn apá yòókù, o yege, àbí? Kì í ṣe àjẹ́ ilé bàbá rẹ ló ń kọ àròkọ fún ọ. Wá olùkọ́ tó mọ ìdánwò yẹn, kí o kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀, kó fi bírò pupa tọ́ka àṣìṣe rẹ. Jákọ́bù ní ká máa wí pé "bí Olúwa bá fẹ́, a ó wà láàyè, a ó sì ṣe èyí tàbí ìyẹn". Kò ní ká má ṣe é. Tún ìdánwò náà ṣe nígbà tí olùkọ́ bá ní o ti tó. Iṣẹ́ ìjọba, bí wọ́n bá tún gbé fọ́ọ̀mù jáde, gbà á. Bí àyè àtilọ bá sì ṣí lẹ́yìn náà, wọn kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ibẹ̀. Ìrírí iṣẹ́ tí o bá kó jọ níbẹ̀ máa tẹ̀ lé ọ lọ. Àwọn aláìsàn tó wà níwájú rẹ lónìí náà kì í ṣe èrò ọ̀nà. Àwọn ni ìlú tí wọ́n ní kí o wá àlàáfíà rẹ̀.

Pe àbúrò rẹ. Má béèrè ọ̀nà àtilọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ yìí. Béèrè bó ṣe ń sùn, torí mo gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, kò sì sí ìyá àti bàbá níbẹ̀.

Ní ti irúgbìn, má san án. Símónì tó ń pidán ní Samáríà gbé owó wá fún ẹ̀bùn Ọlọ́run, èsì tí Pétérù fún un ni pé kí owó rẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ẹni tó fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tà wá ńkọ́? Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ fún Ọlọ́run ní nǹkan, àwọn tí kò rí owó oògùn san wà ní wọ́ọ̀dù rẹ. Bí wòlíì náà bá pè, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o ti gbọ́, o ń dán an wò gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́ ṣe wí, kí o sì pa fóònù. Yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ bí o ṣe máa ń yọ ọ́ ní ìjọ tìrẹ, kí o fi nínú ìyókù ra bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù.